Kámẹ́rà Kejì fún Ìrìn-àjò Jẹ̀bá

                                                  Ilé Kọkànlá, Òpópónà Ìfẹ́lódùn,
                                                  Olódì-Àpápá,
                                                  Èkó.
                                                  Ọjọ́ kejì, oṣù Bélú, ọdún 2025.

Àdúràgbèmí, ọ̀rẹ́ mi láti orí bẹ́ǹṣì ilé ìwé,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá Ìfẹ́ ńkọ́, ṣé ara wọn ti mókun lẹ́yìn ibà ọjọ́sí? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn adìyẹ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń yé ẹyin, àbí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti gbà kí wọ́n máa rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì? Bá mi kí wọn dáadáa, kí o sì sọ fún wọn pé mo ṣì ń tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ imú wọn. Àwa náà dúpẹ́ níbí. Rukevwe ọkọ mi ń jẹun, ó sì ń fi mí ṣẹ̀sín, èyí tó fi hàn pé ara rẹ̀ le. Bàbá mi náà wà. Ọ̀rọ̀ tiwọn gan-an ni mo torí rẹ̀ jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Mo mọ̀ pé o máa béèrè ìdí tí n kò fi pè ọ́ lórí fóònù. Mo rò ó wò lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀ yìí, mo sì rí i pé bí mo bá dé ibi tí ìtìjú wà nínú ìtàn náà, ẹ̀rín rẹ kò ní jẹ́ kí n parí rẹ̀. Lórí ìwé, o lè rẹ́rìn-ín tán, kí o nu ojú, kí o sì padà síbi tí o ti dúró. Ẹni tí yóò mú un wá fún ọ ni Justice, oníbàárà mi kan tó ń wa tírélà ìyẹ̀fun lọ sí Ìlọrin. Wàá tún pàdé rẹ̀ níwájú.

Ìwọ lo dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún ọ pé a fẹ́ gba ojú ọ̀nà láti Àpápá títí dé Jẹ̀bá, kí á máa yà ní gbogbo téṣàn rélùwéè tí Bàbá ti ṣe ọ̀gá rí, o ní a ò gbọdọ̀ wá pẹ̀lú kámẹ́rà kan ṣoṣo. O rán mi létí ọjọ́ tí mo wá ya Màmá nígbà tí wọ́n pé àádọ́rin ọdún. Ọyẹ́ ń fẹ́, èmi sì dúró sí ìta gbangba, mo yọ lẹ́ǹsì kan kúrò, mo fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Inú kámẹ́rà kò ṣí sílẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n eruku Ọ̀fà kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Hóró kan wọlé, ó jókòó, ó sì di àmì dúdú lórí imú Màmá nínú gbogbo fọ́tò mọ́kànlélógójì. Ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní Kánò pè láti béèrè irú kókó tó yọ sí wọn nímú.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀, o mọ̀ pé bí n kò bá ṣàlàyé, oúnjẹ kì í dà nínú mi. Bọ́dì ni àwọn ayàwòrán ń pe àpótí kámẹ́rà fúnra rẹ̀, láìka lẹ́ǹsì iwájú rẹ̀ mọ́ ọn. Bí bọ́dì bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, lẹ́ǹsì méjì ni yóò máa du ibùgbé kan: èyí tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra, àti èyí tó ń gba odidi ilé sínú lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ìgbà tí o bá pààrọ̀ wọn, o ti ṣílẹ̀kùn fún eruku. Bí bọ́dì bá di méjì, lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa ṣí ohunkóhun lójú ọ̀nà. Bí ọ̀kan bá kú sí Òṣogbo, èkejì á gbé wa dé Jẹ̀bá. Ìmọ̀ràn rẹ dára. Irú ẹni tí o gbà nímọ̀ràn ni o kò rò dáadáa.

O mọ̀ pé ó ti di ọdún mẹ́jọ tí gùlákómà ti ń bá ojú Bàbá jà. Àìsàn yìí kì í bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Etí ojú ló ti ń jẹ ẹ́ wọlé, bí eku ṣe ń jẹ búrẹ́dì láti etí. Àárín tó ṣẹ́kù fún Bàbá mọ́ kedere; wọ́n ṣì ń ka Bíbélì wọn, wọ́n sì ṣì ń rí àbààwọ́n ọbẹ̀ lára ẹ̀wù ọkọ mi. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń yọjú nínú páìpù ni wọ́n ṣe ń rí ayé. Bí wọ́n bá rí imú rẹ, wọn ò rí etí rẹ. Òògùn tí à ń kán sí i ń dá a dúró ni, kò lè dá ohun tó ti lọ padà. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́fà kọ́ iṣẹ́ ojú, tí mo tún lọ gba oyè kejì lé e, tí gbogbo awakọ̀ tírélà Màlú Road ń wá bá fún awò, n kò rí nǹkan kan ṣe sí ojú bàbá tó bí mi ju kí n máa wọn iye tó kù lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí wọ́n rí àwọn téṣàn wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá sì kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣayọ̀, kí ni mo fẹ́ lọ wò? Ẹni tó lọ wo afárá Jẹ̀bá, tó jẹ́ irin kan ṣoṣo ló rí, kò lọ wo afárá, irin ló lọ wò. Ẹ̀yin ẹ lọ. Ẹ yà á, kí ẹ gbé e wá fún mi." N kò jiyàn. Mo rò pé bí mo bá ya àwòrán tó dára gan-an, tí mo sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kékeré tó lè gba inú páìpù ojú wọn, wọ́n á lè rí odidi téṣàn nílé. Bí ọ̀rọ̀ kámẹ́rà kejì ṣe di ẹrù tí mo gbé karí nìyẹn. Rukevwe ní mo kàn ń wá kámẹ́rà kiri nítorí pé ó rọrùn ju kí n bá Bàbá jiyàn lọ. Mo ní kó dákẹ́ ẹnu rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe ìwádìí. Mo fa ìlà sínú ìwé, mo kọ ìbéèrè mọ́kàndínlógún tí kámẹ́rà náà gbọ́dọ̀ dáhùn. Ṣé bátìrì ti àkọ́kọ́ á wọ inú rẹ̀? Ṣé lẹ́ǹsì méjèèjì á bá a mu? Ṣé bọ́tìnnì rẹ̀ wà níbi tó ti mọ́ ìka mi lára, kí n má baà máa wá a kiri nígbà tí ohun tí mo fẹ́ yà bá ń kọjá lọ? Báwo ni yóò ṣe wúwo tó lọ́rùn lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin? Ìyẹn ni mo dán wò nílé. Mo wọn gààrí tó wúwo tó kámẹ́rà méjì sínú àpò, mo so ó kọ́rùn, mo sì fi ṣe iṣẹ́ ilé láti àárọ̀ di ọ̀sán. Arábìnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wá kí wa lọ́jọ́ náà. Ó wò mí, ó wo àpò gààrí, kò béèrè nǹkan kan, ṣùgbọ́n àdúrà tó gbà fún ilé wa kó tó lọ gùn púpọ̀.

Rukevwe ka ìwé náà tán, ó bi mí pé ìbéèrè mélòó ni mo bi òun kí n tó gbà láti fẹ́ òun. Mo ní méjì ni. Ó ní, "Ah! Kámẹ́rà wá níyì jù mí lọ nínú ilé yìí."

Ibi tí ìbéèrè mọ́kàndínlógún náà gbé mi dé ni pé èkejì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìbejì àkọ́kọ́, nítorí ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ méjì tí kò jọra dání, á máa fi ọwọ́ ọ̀tún wá ohun tó wà lọ́wọ́ òsì. Ohun kan tún wà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí kámẹ́rà mi àkọ́kọ́ ti ń ṣú mi lójú. Bí mo bá yọjú sínú ihò rẹ̀, ohun gbogbo á dà bí ohun tó wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Mo ní ogbó ti dé sí i.

Lánàá, Sátidé, a gbéra lọ sí ṣọ́ọ̀bù Perpetual ní Ajégúnlẹ̀, ládùúgbò tí ọkọ mi ti dàgbà. Perpetual ń tún kámẹ́rà ṣe, ó sì ń ta tòkunbọ̀. Oníbàárà mi ni òun náà. Èmi ni mo yẹ ojú rẹ̀ wò lọ́dún tó kọjá, tí mo fún un ní awò tó fi ń rí àwọn síkúrúù tíńtín inú iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá tẹ̀ lé wa. Àwọn ò lọ Jẹ̀bá o, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò sí ẹ̀rọ kan tí a máa rà nítorí àwọn tí àwọn ò ní bẹ̀ wò. Wọ́n wọ kóòtù rélùwéè àtijọ́, wọ́n fi fèrè wọn sápò, wọ́n wo aago, wọ́n ní a ti fi ìṣẹ́jú méje pẹ́ kí a tó gbéra.

Perpetual to kámẹ́rà márùn-ún sórí tábìlì. Mẹ́rin jẹ́ ìbejì tèmi. Ìkarùn-ún kéré, ó fúyẹ́, lẹ́ǹsì tó fẹ̀ rẹpẹtẹ ló wà níwájú rẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ìwé mi. Nínú ìbéèrè mọ́kàndínlógún, mẹ́rin péré ló yege. Lábẹ́ àléébù rẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí pé: "Ó ń sọ ohun gbogbo di kékeré jù." Jọ̀wọ́, fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ sápò fún mi.

Mo ti gbé pátákó lẹ́tà ilé ìwòsàn mi dání, èyí tí lẹ́tà ńlá wà lókè rẹ̀, tí wọ́n ń kéré sí i bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀. Mo bẹ fọkanáísà tó wà ní òdìkejì ọ̀nà kó jẹ́ kí n gbé e kọ́ ara kọ̀ǹténà rẹ̀. Mo fi téèpù wọn mítà mẹ́fà géérégé, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀, mo dúró lórí ìlà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ka lẹ́tà. Bí mo ti ń gbé èkejì ni èèyàn mẹ́fà ti tò sẹ́yìn mi. Kí n tó dé ẹ̀kẹta, wọ́n ti lé ní mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ ti tàn kálẹ̀ pé ìjọba ló rán wa láti wá yẹ ojú wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá àgbà kan bi mí bóyá awò aláwọ̀ wúrà wà nínú èyí tí a fẹ́ pín. Justice náà ń kọjá lọ, ló bá bọ́ síwájú ìlà. Ó ti há pátákó mi sórí láti ọjọ́ tó ti ń wá sọ́dọ̀ mi, ó sì ń kà á wúyẹ́wúyẹ́ sétí àwọn tó wà lẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má baà kùnà. (Má fòyà, mo ti fún un ní awò, ó sì ń lò ó. Ojú àánú ló ń ṣe é.)

Ojú lásán ni mo fi ń ka ìlà tó kéré jù lára pátákó láìṣì kan. Bí mo bá ti gbé kámẹ́rà sójú, ìlà kẹta ni mo máa dé tí gbogbo rẹ̀ á ṣú. Èkíní ṣú. Èkejì ṣú. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin kò yàtọ̀. Mo tilẹ̀ gbé ìkarùn-ún tó kéré, ìyẹn náà ṣú. Mo mú bíírò pupa, mo fagi lé gbogbo wọn, mo gbé kékeré yẹn sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, mo sì fi ohùn jẹ́jẹ́ tí mo fi ń sọ ọ̀rọ̀ tó le fún aláìsàn sọ fún Perpetual pé gíláàsì inú ihò gbogbo wọn ti bàjẹ́, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ afẹ́fẹ́ iyọ̀ láti etíkun ló wọ̀ wọ́n lára.

Perpetual yọ awò tí mo fún un, ó nù ún, ó dá a padà sójú.

Ó ní, "Dókítà, ẹ má bínú o. Bí kámẹ́rà kan bá ṣàìsàn, mo gbà. Márùn-ún ńkọ́? Dem no be family. Ọ̀kan ti Cotonou wá, ọ̀kan ti Dubai wá, wọn ò mọ ara wọn rí. Bí èèyàn márùn-ún bá jókòó sórí àga kan náà ní kíliníìkì yín, tí gbogbo wọn ní ìdí ń dun àwọn, ṣé ìdí wọn lẹ máa yẹ̀ wò ni, àbí àga?"

Ó gbé ọ̀kan nínú àwọn kámẹ́rà náà, ó fi èékánná kan kẹ̀kẹ́ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, kẹ̀kẹ́ tó wà lára tèmi náà láti ọdún márùn-ún, tí mo sì ti ń rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ó ní kí n yọjú. Ó yí i díẹ̀. Lẹ́yìn náà, Àdúràgbèmí, obìnrin yìí gbé ohùn mi wọ̀, bí mo ṣe máa ń fà á gẹ́lẹ́ lórí àga àyẹ̀wò: "Èwo ló mọ́ jù, ìyá? Àkọ́kọ́..." kẹ̀kẹ́ dún tẹ́kẹ́, "...àbí èkejì?"

Èkejì ló mọ́ jù. Pátákó fò wá sójú mi títí dé ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ó ń dùn mí láti ṣàlàyé èyí, ṣùgbọ́n màá ṣàlàyé rẹ̀. Àwòrán tí a ń rí nínú ihò kámẹ́rà kì í dúró ní ọ̀nà jíjìn tí ohun náà wà. Ó ń dúró bí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sún mọ́ni tó ibi tí a na ọwọ́ dé. Ojú ẹni ọgbọ̀n ọdún á fa ara rẹ̀ wá síbẹ̀ láìmọ̀ pé òun ṣe iṣẹ́ kankan. Ojú ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta á ní ó ti rẹ òun. Kẹ̀kẹ́ yẹn wà láti ràn án lọ́wọ́. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi awò ojú pamọ́ sínú kámẹ́rà. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn tó ń na ìwé jìnnà sí ojú kí wọ́n tó lè kà á. Kò sí kámẹ́rà kankan tó ń ṣú. Èmi ni. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń sọ pé ogbó ti dé sí ohun tó wà lọ́rùn mi, ọrùn gan-an ló dé sí. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kì í gbẹ́ kùùkù ara rẹ̀.

Perpetual ya páálí bátìrì kan, ó kọ nọ́ńbà ojú mi sí i, ó fọwọ́ sí i bíi dókítà, ó ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Rukevwe ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Ìyá aláwò wúrà yíjú sí àwọn tó kù lórí ìlà, ó ní, "Ẹ ò rí ayé wa! Dókítà ojú tí kò ríran ni ìjọba rán sí Ajégúnlẹ̀."

Nínú ariwo yìí ni mo gbọ́ ohùn Bàbá láti orí bẹ́ǹṣì. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti gbé kámẹ́rà kékeré yẹn lé itan, wọ́n ń fi àtàǹpàkò wá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Perpetual, ṣé kẹ̀kẹ́ yẹn wà lára èyí náà?"

"Ó wà, Bàbá. Ẹ gbé e sójú. Ẹ jẹ́ kí n bá yín yí i. Èwo ló mọ́ jù, sà?"

Bàbá kọjú kámẹ́rà sí ọ̀dọ̀ wa, wọn kò mira. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé ohun tí wọn ò rí ló ń dùn wọ́n, mo sì ti ń lọ gbà á lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n ní, "Rukevwe."

"Sà?"

"Ìgbà wo lo yọ ikùn báyìí?"

Ọkọ mi wo ara rẹ̀. Èmi wo ọkọ mi. Kí o lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: èmi ni mo wà níwájú Bàbá gan-an, Rukevwe sì ti dìde, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi lọ́nà tó jẹ́ pé ẹni tó bá ń wo ojú mi nínú páìpù kò lè rí i rárá. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí Bàbá ti rí èèyàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà gbẹ̀yìn.

Wọn kò gbé e sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n ń rí bí ẹni tó ń ka ìwé ẹ̀sùn: "Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló wà lórí ìlà. Èyí tó wọ búlúù yẹn, ẹ̀yìn ló wà nígbà tí mo kọ́kọ́ wò, ó ti dọ́gbọ́n bọ́ sí àárín. Fọkanáísà ń sùn. Wọ́n gbé pátákó yín kọ́ wọ́gọwọ̀gọ. Ṣayọ̀ ń sunkún."

N kò sunkún. Eruku ni.

Ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n kọ́ wa pé bí ojú ẹnìkan bá ti dín kù di páìpù, a lè ní kó máa gba ẹ̀yìn awò awọ̀nàjíjìn wo nǹkan, kí ayé lè kéré tó láti gba inú páìpù náà kọjá. Mo kà á, mo ṣe ìdánwò lórí rẹ̀, mo yege. Lẹ́ǹsì tó fẹ̀ rẹpẹtẹ yẹn, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe, ihò dúdú rẹ̀ sì ń dí oòrùn mọ́ ojú Bàbá, èyí tí fóònù ò lè ṣe. Wàyí o, mú ọ̀rọ̀ tí mo ní kí o fi pamọ́ jáde. Ohun tí mo kọ sábẹ́ àléébù, tí mo fi bíírò pupa fagi lé, òun gan-an ni ohun tí mo ti ń wá fún Bàbá láti ọdún mẹ́jọ. Kì í ṣe ìwòsàn o, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn fún ọ kedere. Ohun tó lọ ti lọ. Wọn ò lè fi rìn, wọ́n á kọ lu ògiri. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jókòó jẹ́ẹ́, odidi téṣàn á wọlé. Ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, àwọn baba wa mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Mo rò pé a máa lọ sílé. Bàbá dìde, wọ́n fọn fèrè. Gbogbo òpópónà dákẹ́; fọkanáísà jí. Wọ́n ní kí ẹni tó wọ búlúù padà sẹ́yìn, ó sì padà láìjiyàn. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní a kì í kó èrò jọ sí pèpéle kí á má gbé wọn. Bí mo ṣe yẹ ojú èèyàn mẹ́tàdínlógún wò ní títì Ajégúnlẹ̀ nìyẹn, tí Perpetual ń kọ orúkọ, tí Bàbá ń fi kámẹ́rà ṣọ́ ìlà. Èèyàn mẹ́rin nínú wọn nílò awò ní tòótọ́. Èmi ni ìkarùn-ún.

Mo sanwó kámẹ́rà kékeré náà fún Perpetual. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò tíì rí kámẹ́rà yẹn gbà kúrò lọ́rùn Bàbá. Nínú ìsìn òwúrọ̀ yìí, wọ́n ya pásítọ̀ ní ìgbà mẹ́rìnlélógún láàárín ìwàásù kan. Nígbà tí a dé ilé, tí a jẹun tán, mo bá àpò wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti dì í, wọ́n ti so ó lókùn. Wọ́n fún mi ní bébà tí wọ́n fi rúlà fa ìlà sí. Ìwé àkókò ìrìn-àjò ni. A máa kúrò ní Àpápá ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá, ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún; a máa dúró ní Láfẹ́nwá, Ìbàdàn àti Òṣogbo; a máa dé Ọ̀fà ní ọjọ́ Ẹtì, ní aago méjì kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún ẹ̀yin láti fi kí wa. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, kí oúnjẹ ti délẹ̀. Gbé àga kan sí iwájú téṣàn, sí ibi tí oòrùn kò ti ní kọjú sí wọn, kí o má sì jókòó sórí rẹ̀ bí o ti wù kó rẹ̀ ọ́ tó. Sọ fún Bàbá Ìfẹ́ pé kò sí ìwúlò kí wọ́n sá sí ẹ̀gbẹ́ kan bí wọ́n ti máa ń ṣe. Bàbá ń rí ẹ̀gbẹ́ báyìí, kí wọ́n fa ikùn sínú. Sọ fún Màmá pé Bàbá ti ṣèlérí láti tún imú wọn yà.

Mo fẹ́ fi ìgboyà parí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mi, mo bá ṣí ìwé àkọsílẹ̀, mo ní, "Bàbá, mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé a ti rí kámẹ́rà kejì." Wọ́n ní, "Kejì wo?" Wọ́n ní àwọn ni àwọn mọ ibi tí ọkọ̀ ti ń yọ ní gbogbo téṣàn, nítorí náà tàwọn ni àkọ́kọ́. Tèmi ni kí n máa gbé tẹ̀ lé àwọn lẹ́yìn, bóyá bátìrì tàwọn á kú.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Kámẹ́rà kejì tí ìwọ ní kí n wá, tí mo torí rẹ̀ so gààrí kọ́rùn, ọrùn mi ló wà láti ọdún márùn-ún.

Rukevwe ní kí n kí ọ, Perpetual náà ní kí n kí ẹni tó ní imú. Ó di ọjọ́ Ẹtì, ní aago méjì kọjá ogójì. Má pẹ́.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó ń fi kẹ̀kẹ́ ríran,

Ṣayọ̀